Ojú Ewé Tí Kò Dá Àlàájì Lóhùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín obìnrin ló ń kọ̀wé o, èyí tí ẹ máa ń pè ní aláròyé. Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Ara gbogbo wa le. Màmá ṣì wà nínú ilé yín ní Ìfàkò. Àwọn ló ń bó ọsàn báyìí, èèpo rẹ̀ á gùn gbọọrọ láìjá bíi tiyín, wọ́n á fi kọ́ ojú fèrèsé kó lè gbẹ. Ìjọba alágbádá tí ẹ dìbò fún kẹ́ ẹ tó papò dà ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Fóònù ilé tí ẹ kọ̀wé béèrè ò dé o, ṣùgbọ́n fóònù ti wà lápò tèwe tàgbà báyìí. Ó dùn mí pé ẹ ò dúró fi ọ̀kan pariwo "hẹlò" kí gbogbo àdúgbò gbọ́.

Ohun tó gbé mi dé ibí rèé. Ẹ rántí pé ibi ìgbàlejò ni mo wà nílé iṣẹ́ ọ̀dà ní Oregun. Ọ̀gá wa fẹ́ wẹ́bùsáìtì, ìyẹn ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà á ti máa ra ọ̀dà láìdé ọ̀dọ̀ wa. Mo nawọ́ sókè pé mo lè ṣe é. Bàbá, mi ò mọ nǹkan kan! Ta ni mo fi ìgboyà yẹn jọ? Mo sáré lọ ń kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ọgbà ní gbogbo Sátidé.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, ọ̀rọ̀ ń sáré kiri lórí rẹ̀. Tíṣà wa, obìnrin Oǹdó kan tí kì í fepo bọyọ̀, wò ó títí.

"Ṣé ilé ọ̀dà lèyí àbí ilé ijó?"

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Wàhálà gan-an dé lọ́jọ́ tí ọ̀gá pe Àlàájì tó ń ta ọ̀dà wa ní Agége wá dán an wò. Àlàájì yan ọ̀dà aláwọ̀ ewé, garawa mélòó kan, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Ojú kọ̀ǹpútà pa lọ́lọ́. Wọ́n rò pé kò lọ, wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n tún un tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ ló ń lọ! Àwọn tó wà ní yàrá ẹrù ń gba iṣẹ́ lórí iṣẹ́, wọ́n ń ru garawa sínú ọkọ̀ Àlàájì. Nígbà tá a jáde, táyà ti fẹ́ wọlẹ̀.

"Háà! Gbogbo Agége lẹ fẹ́ kí n kùn ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi ọ̀gá.

"Tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, àbí kí n gbé e fún ẹlòmíì."

Mo gba Ọgbà lọ bá Tíṣà. Tíṣà ò tiẹ̀ wo kọ̀ǹpútà nígbà tí mo ròyìn fún wọn.

"Bí èèyàn bá kí ọ, ṣé o kì í dá a lóhùn ni? Wọ́n tẹ bọ́tìnnì rẹ, o dákẹ́. Kí lo fẹ́ kí wọ́n rò?"

Ó yé mi wàyí. Bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ hàn pé bọ́tìnnì lòun. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í tẹ̀, kí ọ̀nà àtipadà wà. Mo yọ ọ̀rọ̀ ńláńlá kúrò, mo kọ "Ẹ rà á níbí". Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, á jáde gàdàgbà pé: "A ti rí iṣẹ́ tí ẹ rán wa gbà. Ẹ ṣeun, a dúpẹ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àlàájì padà wá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n kà á, wọ́n fẹ̀yìn ti àga. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ti gbé mi kúrò níbi ìgbàlejò. Èmi ni mò ń mójú tó ojú ewé náà báyìí. Ṣé ẹ gbọ́?

Mo mú Màmá wá wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀. Wọ́n di máùsì mú bí ẹni di ẹyin mú, wọ́n rí bọ́tìnnì fúnra wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ka ohun tó jáde ketekete, wọ́n wá sún mọ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀.

"Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi. O kú iṣẹ́ o. Àwọn ará ilé ń kọ́?"

Bàbá, wọ́n tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ń retí èsì.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí, tó sì fẹ́ràn yín títí láé.