Fèrèsé Tí Ààlà Wadlow Gbà Kọjá

Ojúlé Keje, Ọ̀nà Adágún,
Wadlow,
Herefordshire.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 1994.

Àbúrò mi àtàtà, Rosalind,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Báwo ni ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ? Ikọ́ tí ó ń bá Philippa jà, ṣé ó ti fi í sílẹ̀? Mo gbàdúrà pé kí òtútù Leeds má rí i gbé ṣe mọ́. Ara tèmi náà le, bí a bá yọ ti orúnkún mi kúrò, èyí tí wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú. Àǹtí Dorcas ń kí ọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn kò tíì kú, àti pé kí ẹnikẹ́ni má tíì fojú sí agogo ara ògiri àwọn.

O béèrè nínú lẹ́tà rẹ bóyá ọ̀nà tí ó lọ sí ibojì Màmá ṣì là, kí o lè mọ̀ bí o ó bá kó àwọn ọmọ wá ní oṣù Kẹjọ láti gbin òdòdó síbẹ̀. N kò tètè dáhùn nítorí n kì í fẹ́ kọ ohun tí n kò tíì rí òpin rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti rí òpin rẹ̀ wàyí. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má ṣe ka lẹ́tà yìí sétí ẹnikẹ́ni tí ó ní ẹbí ní Wadlow.

O mọ abúlé wa. Adágún tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú rẹ̀ gbọ́n ju ìgbìmọ̀ abúlé lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò láti ìgbà tí Bàbá wà láyé. Ilé tẹlifóònù pupa tí wọ́n ń kùn lọ́dọọdún, tí tẹlifóònù inú rẹ̀ kò sì dún mọ́. Àti pátákó “Abúlé Tó Mọ́ Jù Lọ” tí a gbà nígbà tí èmi àti ìwọ ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní ti ìtàn, ẹyọ kan ni a ní. Ọba kan tí ó ń sá fún ogun dúró níwájú ilé ọtí wa nítorí pé bàtà ẹṣin rẹ̀ bọ́. Ó mu ọtí ápù wa lẹ́ẹ̀kan, ó tu ú dànù, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tí ọba tutọ́ sí lẹ́sẹ̀ ni ó sọ itọ́ náà di oyè! Ilé ọtí ń jẹ́ Orí Ọba títí di òní, Lionel Prosser, alága ìgbìmọ̀, kò sì lè jẹun tán láìsọ pé, “Nígbà tí ọba yà kí wa...”

Wàyí o, Ọ̀gbẹ́ni Haddow, ará Lọ́ńdọ̀nù tí ó ra Ilé Àlùfáà Àtijọ́, kọ́ ilé ìdáná onígíláàsì sẹ́yìn ilé náà lọ́dún tó kọjá, ó sì mọ ògiri bíríkì tì í lọ́tùn-ún lósì. Orí ọ̀nà ibojì gan-an ni, èyí tí ààlà abúlé bá lọ, lẹ́bàá òkúta ààlà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí ibojì ní láti gba títì ńlá, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré bí ẹni tí a ń lé. Àǹtí Dorcas, pẹ̀lú bí wọ́n ti dàgbà tó, kò fojú kan ibojì Màmá wa, àbúrò wọn, láti ìgbà Kérésìmesì. Mo fi pẹ̀lẹ́ lọ bá Haddow. Èsì rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí àwọn onílùú fúnra wọn kò bá rìn ti kú nìyẹn. Kí a dúró di ọjọ́ ààlà, kí a wo ẹni tí yóò rìn ín.

Ìwọ náà mọ òfin ọjọ́ ààlà, tí gbogbo abúlé máa ń rìn yí ààlà rẹ̀ ká lọ́dọọdún. Bí a bá ti ń tọ ààlà tí a ń fi pàṣán na òkúta kọ̀ọ̀kan, tí a bá ilé lọ́nà, a kì í yà. Inú ilé náà ni à ń gbà, ìbáà jẹ́ ojú fèrèsé, onílé yóò sì fún wa ní ọtí ápù. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, Prosser na ife sókè ní Orí Ọba, ó ní, “Ṣé Haddow rò pé a ò lọ́kùnrin níbí ni? Abúlé tí ọba sùn sí! Bó bá gbà kí n gba inú báàfù rẹ̀ kọjá, n ó gbà á!” Gbogbo ilé hó yèè. (Kíyè sí i pé ọba ti sùn báyìí.) Ẹnu dùn-ún rófọ́.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó ṣáájú Ìgòkè-re-ọ̀run, a jáde, a pọ̀ bí ogójì. Bí ògiri Haddow ti yọ sí wa lókèèrè, ẹsẹ̀ Prosser bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó dúró, ó wúkọ́.

“Ẹ̀yin ará, ọdún yìí nìkan, ẹ jẹ́ ká gba títì. Ọ̀gbẹ́ni Haddow ti ṣèlérí pé òun á tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kàn. Ẹni tó fẹ́ bá Ọlọ́run kanlé, a kì í fọ́ gíláàsì rẹ̀.”

Àlùfáà ń wo bàtà ara rẹ̀. Àwọn akọni yòókù yà sí títì bí àgùntàn tí ó rí ẹnu ọ̀nà ọgbà.

“Lionel!” Àǹtí Dorcas ni. “Báàfù tó o fẹ́ gbà kọjá dà?”

“Ẹ má bínú, màmá. Ẹsẹ̀ yín ò gbé e, ògiri nìyẹn.”

“Ẹsẹ̀ ló ń dun èmi. Ìwọ, kí ló ń dùn ọ́?”

Àǹtí Dorcas kò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n lọ kan fèrèsé ilé ìdáná náà, wọ́n fi pàṣán lù ú. Haddow yọ, ó mú ife kọfí lọ́wọ́.

“Kí lẹ ń fẹ́, màmá? Alága yín ti gba títì lọ.”

“Alága ló gba títì, ààlà ò bá a lọ. Ṣí fèrèsé. Clement, tì mí sókè!”

O mọ̀ mí. N kì í fẹ́ kí orúkọ mi wà níbi tí ariwo bá wà, pàápàá bí mo ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ya àwòrán ojú ọ̀nà. Mo wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn yóò bọ̀. Kò sí ẹnì kankan. Haddow ti ṣí fèrèsé, mo sì tì wọ́n. Inú síńkì ni wọ́n jókòó sí, ẹsẹ̀ kan nínú omi ìfọbọ́, fìlà wọn ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì na ọwọ́.

“Ọtí ápù mi dà?”

Haddow kò ní ọtí ápù. Kọfí ọwọ́ rẹ̀ ni ó gbé fún wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò. “Ó dáa tí ọba ò bá tìẹ pàdé,” ni wọ́n wí. Èmi náà gun òkè wọlé, mo sì fi orúnkún gbá ẹ̀rọ omi. A gba ilẹ̀kùn òdìkejì jáde, a na òkúta ààlà, a sì rìn dé ibojì.

Àǹtí Dorcas jókòó sórí koríko, wọ́n gbọ́wọ́ lé òkúta Màmá. “Constance, wọ́n ní ọ̀nà ti dí.” Wọ́n fa èpò kan tu. “Irọ́ ni.”

Ní ọjọ́ kejì, Haddow wá bá mi nílé. Ó ní òun ti sọ pé ọ̀nà tí a kò bá rìn ni ó kú. Wọ́n ti rìn ín lójú òun, nítorí náà òun yóò la ògiri, òun yóò fi géètì sí i. Àwọn bíríkìlà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dùn mí láti kọ ọ́, àbúrò mi, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, àjèjì yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jọ ti àgbàlagbà.

Nítorí pé ní Orí Ọba, lálẹ́ ọjọ́ ààlà gan-an, Prosser ti ń sọ pé, “Nígbà tí a gba fèrèsé wọlé...” Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo ogójì ni ó ti gba fèrèsé. Lánàá, mo gbọ́ pé Prosser ni ó kọ́kọ́ wọlé, tí ó sì na ọwọ́ fa Àǹtí Dorcas sókè. Wọ́n ti ń ṣètò pátákó tí wọn yóò rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì náà, láti fi ṣèrántí ìgboyà abúlé Wadlow. Báyìí ni wọ́n ṣe mú ọba náà sùn.

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo sáré lọ sọ fún Àǹtí Dorcas. Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń bó ànàmọ́.

“Sọ fún wọn kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ dáadáa,” ni wọ́n wí. “Mo ti ń wá nǹkan tí n ó máa fi ha ẹrẹ̀ bàtà mi.”

Nítorí náà, kó àwọn ọmọ wá ní oṣù Kẹjọ. Ọ̀nà là. Bí òjò bá rọ̀ tí bàtà yín sì kún fún ẹrẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá àkísà. Pátákó náà yóò ti wà níbẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fi ẹnu ko Philippa àti àbúrò rẹ̀ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, olórúnkún wíwú,
Clement Yapp.