Bàbá Dúrójaiyé Ọláníyan, Ará Alápòtí Tó Wọn Ìgbì Òkun

Alápòtí tí kò ní òkun, tí kò ní ọ̀sà, ni wọ́n bí Bàbá wa, Dúrójaiyé Ọláníyan, sí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1953. Akíndé Ọláníyan, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́, ni bàbá wọn. Àpọ́nlé, ọmọ Ìjù, ni ìyá wọn. Bí ọmọ irú ibẹ̀ ṣe di ẹni tó ń fi òkun jẹun, ẹbí ò lè ṣàlàyé rẹ̀ títí di òní.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní Ọ̀tà, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ní 1974. Ní 1976, ilé-iṣẹ́ kan tó ń mọ odi sí etí òkun ní Èkó gbà wọ́n síṣẹ́. Òpó kan wà nínú omi tí a fàlà sí lára. Bàbá á máa wò ó, wọn á ka gíga ìgbì láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé góńgó, wọn á sì fi aago wo bí èkejì ṣe pẹ́ tó kó tó dé. Wọn kì í gba ìgbì kan ṣoṣo gbọ́. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń kà, wọn á wá ṣa ìdá kan nínú mẹ́ta tó ga jù, wọn á fi ṣírò. Ó yé wọn. Kò yé wa.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ Ìyá wa, Mùíbátù, ní 1981, bàbá ìyàwó béèrè iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ń wọn ìgbì. Àgbàlagbà náà ní, "Ta ló ń rà á?" Síbẹ̀ ó fún wọn lọ́mọ, Ọlọ́run ṣeun! Bàbá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá ń kírun, ìjà ò sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí. Ní 1993, ìgbì wó odi náà. Ilé-iṣẹ́ ní òǹkà Bàbá tí àwọn fi mọ odi ló kéré, wọ́n sì lé wọn. Bàbá ò jà, wọn ò ṣàlàyé. Wọ́n kó lọ sí Ìjù, ìlú ìyá wọn, wọ́n ń jó irin ní Sáńgò, wọ́n ń ṣe àgbá tó ń léfòó, èyí tí àwọn ẹnjiníà fi ń wọn ìgbì. Wọ́n ṣe alága àwọn onílé àdúgbò. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbẹ́ gọ́tà láìjẹ́ pé Bàbá ti wọn omi òjò.

Olúwafúnmiláyọ̀, àkọ́bí wọn, ni ẹbí ní kó kọ ìtàn yìí. Kò mọ èyí tí òun ó kọ: ṣé Bàbá fẹ̀yìn tì ni, àbí wọ́n lé wọn? Tó bá purọ́, ẹni tó mọ̀ á rẹ́rìn-ín. Tó bá sọ òótọ́, ó ti ba orúkọ òkú bàbá rẹ̀ jẹ́. Ó ṣí ìwé òǹkà Bàbá. Mítà mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mítà kan àtààbọ̀ ni ilé-iṣẹ́ ní Bàbá kọ. Orí rẹ̀ dàrú.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Ẹnjiníà Ṣọládé, ọ̀gá Bàbá àtijọ́, wá bá wa kẹ́dùn. Olúwafúnmiláyọ̀ gbé ìwé náà síwájú wọn. Háà! Omi bọ́ lójú àgbàlagbà. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ni. Àwọn rò pé ará oko tí kò bá òkun dàgbà ti ka gíga ìgbì ní ìlọ́po méjì, làwọn bá pín òǹkà rẹ̀ sí méjì, láì bi í. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, wọ́n ní ó dun àwọn pé Dúrójaiyé kú láì mọ̀.

Ìyá ní, "Bàbá Fúnmi mọ̀. Wọ́n ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì nígbà náà, pé báwọn bá sọ ọ́, ẹ ó bọ́ níṣẹ́."

Bàbá papò dà ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Wọ́n fi ìyàwó sílẹ̀, àti ọmọ-ọmọ méje, àti ọmọ mẹ́ta: Olúwafúnmiláyọ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí odi wó, Adérógbà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, àti Ọmọ́túndé, tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà yẹn.

Kò yé wa, Bàbá. Ó wú wa lórí, ó sì ń dùn wá. A ti kọ ọ́ síbí pé wọ́n lé yín, àti pé òǹkà yín pé. Ẹ sùn re níbi tí omi ti tòrò.