Ìyá Olúwa Kò Yà Sílé Mi

Àǹtí Tolúwani, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi lórí rédíò. Ègùn láti Kútọnu ni mí, Addo ni mò ń gbé, Àgùdà sì ni mí.

Lóṣù rósárì, ìjọ wa máa ń gbé ère Màríà láti ilé dé ilé. Nígbà tó kan ilé mi, mo gbálẹ̀, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo tan àbẹ́là. Wọ́n gbé e kọjá. Bàbá Bonifásì, olórí àdúgbò wa nínú ìjọ, ní ilé pákó kò yẹ Ìyá Olúwa. Èmi nìkan ni mo ka rósárì tán.

Ṣebí inú ibùjẹ ẹran ni Màríà tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí.

Aṣọ funfun náà ṣì wà lórí tábìlì. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n ká a?