Orúkọ Mi Lára Ọkọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹfà 1954

Ìjọba ti kéde. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì kò bá pé kò ní yege nínú àyẹ̀wò ọdún yìí. Èyí tí kò bá sì yege kò gbọdọ̀ jáde ní Lomé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àyẹ̀wò.

Mi ò lè jẹun. Ilẹ̀kùn òsì ọkọ̀ mi ti di asẹ́ — iyọ̀ òkun ló jẹ ẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé e kọjú sí ìwọ̀-oòrùn lẹ́bàá ògiri ilé wa ní Aflao-Gakli yìí, tí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́ òkun sára. Èmi tí mo parí ilé ìwé girama, mi ò ro ìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, ọkọ̀ yẹn ló ń bọ́ wa. Tí kò bá jáde, ìkòkò kò ní gbóná.

Nímọ́tà ìyàwó mi ní kí n lọ bá Bàṣírù. N ó kúkú jẹ iyanrìn.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹfà

Bàṣírù. Nínú ìwé yìí Ẹlẹ́rìn-ín lorúkọ rẹ̀, torí pé ó ti máa ń rẹ́rìn-ín kí ènìyàn tó sọ̀rọ̀ tán. Ará Pobẹ̀ ni, lọ́hùn-ún ní Dahọmẹ. Ògiri kan ló wà láàárín wa. Kò wọ ilé ìwé rí. Á máa jẹ obì nídìí ọkọ̀, á máa tu pupa sára ilẹ̀kùn. Èmi máa ń fi aṣọ bo ilẹ̀kùn tèmi.

Irú ọkọ̀ kan náà la ní — ọkọ̀ Amẹ́ríkà kékeré tó ní tapólì lẹ́yìn — àmọ́ tèmi jáde lọ́dún 1947, tiẹ̀ jáde ní 1951. Ìyẹn nìkan ló fi ń yan káàkiri. Ìlà-oòrùn ló máa ń kọ orí ọkọ̀ tirẹ̀ sí, sọ́nà Pobẹ̀, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó tó ń wo ọ̀nà oko. Nítorí náà, ilẹ̀kùn ọ̀tún ni òkun jẹ lára tiẹ̀. Òsì rẹ̀ ṣì le koko. Ọ̀tún tèmi ṣì le koko.

Nímọ́tà ti rí i ṣáájú mi. Ó kàn ń wò mí.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹfà

Mo lọ. Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ṣé ilẹ̀kùn lẹ wá tọrọ ni, àbí ẹ wá kọ́ mi ní A, B, D?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Mo dúró títí ó fi parí.

Àdéhùn wa nìyí: láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, ilẹ̀kùn òsì tiẹ̀ yóò wà lára ọkọ̀ mi. Tí tèmi bá ti yege, a ó tú òsì tiẹ̀ àti ọ̀tún tèmi lẹ́yìn ògiri, a ó gbé wọn sára tiẹ̀ fún ọ̀sán. Ẹ̀tàn ni. Èmi àti irú ènìyàn yẹn la jọ ń tan ìjọba.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹfà

Barthélemy alágbẹ̀dẹ wá dán ilẹ̀kùn wò. Dókítà ni mò ń pè é, torí pé á ti fi òòlù lu aláìsàn kó tó bi í léèrè ibi tó ń dùn ún. Ó ní, "Papa, má ṣèyọnu. Ìyá kan náà ló bí ọkọ̀ méjèèjì." Lóòótọ́ ihò bóòtù bá ihò mu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn 1951 ní gíláàsì kékeré onígun mẹ́ta níwájú, bọ́tìnnì ni wọ́n sì ń tẹ̀ lára rẹ̀ níbi tí tèmi ti ní ọwọ́ tí wọ́n ń yí. Ìkọ́ tó ń gbá a mú wà nísàlẹ̀ ju ti òpó ọkọ̀ mi lọ. Ẹ pa á dé, á ṣí ara rẹ̀, bí ẹnu Ẹlẹ́rìn-ín gẹ́lẹ́.

Dókítà gé rọ́bà táyà, ó fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ní báyìí ó ń pa dé, tí ènìyàn bá fi orúnkún gbé e sókè díẹ̀. Àgbà bíi tèmi, orúnkún. Ó ní iṣẹ́ ńlá lòun ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹfà

Ìjà lórí orúkọ. Òfin ní kí orúkọ olówó ọkọ̀ wà lára ilẹ̀kùn ọ̀tún. Tiẹ̀ ti bá ìpẹtà lọ. Tèmi wà níbẹ̀, OGUNDIRAN, LOMÉ, lẹ́tà funfun tí ó ní òjìji dúdú. Ẹlẹ́rìn-ín ní ká fi ọ̀dà pa á rẹ́ tó bá kan tòun, ká kọ tòun lé e.

Mo ní ẹnikẹ́ni kò ní fi ọ̀dà kan orúkọ mi nítorí ọkọ̀ ẹni tí kò lè ka tirẹ̀. Kó fi àpò bò ó, bí àwọn awakọ̀ ṣe ń ta àpò sí oòrùn.

Ó ní, "Àpò náà dáa, ẹ̀gbọ́n." Ẹ̀rín. Nímọ́tà ní agídí mi ti pọ̀ jù. Ta ló bi í?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹfà

Ọkọ̀ mi yege láàárọ̀. Mo fi orúnkún gbé ilẹ̀kùn lójú òyìnbó tó ń ṣàyẹ̀wò, mo ṣe bí ẹni tí làkúrègbé ń yọ lẹ́nu.

Lọ́sàn-án, ọkọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín wọlé pẹ̀lú ilẹ̀kùn méjèèjì. Èmi náà wà láàárín èrò, ilẹ̀kùn mi ni mò ń ṣọ́. Akọ̀wé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jẹ́ Augustin, fi ìdí gègé rẹ̀ gbé àpò náà sókè. Ó kà. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ké sí èrò: "Ògúndìran, ọkọ̀ kejì."

Mo la ẹnu. Ohùn kò tíì jáde tí Ẹlẹ́rìn-ín fi dáhùn, "Présent," bí ọmọ ilé ìwé, ó tún ṣí fìlà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n lu òǹtẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ yege.

Lójú ìjọba, ọkọ̀ méjì ni mo ní.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹfà

Tó bá fi ọkọ̀ yẹn pa ewúrẹ́ ní Légbassito, èmi ni wọ́n á mú. Tó bá pa ènìyàn — èmi ni. Owó orí ọkọ̀ méjì. Mo wọ bàtà láti lọ ṣàlàyé. Dókítà ní kí n lọ, ṣùgbọ́n kí n má gbàgbé láti ṣàlàyé ilẹ̀kùn pẹ̀lú, kí wọ́n lè gba ìwé èmi àti Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo bọ́ bàtà.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kẹfà

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi lójú gbogbo àdúgbò. "Ọ̀gá mi, owó oṣù mi dà? Awakọ̀ yín ni mí o." Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Nímọ́tà náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ká wá ọ̀nà tún ọ̀rọ̀ ìwé yìí ṣe. Ó ní kò kánjú.

Ẹni tí kò mọ ìwé kò mọ ewu.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹfà

Ó tún ti tu obì sára ọkọ̀ tí ó jẹ́ tèmi lábẹ́ òfin.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kẹfà

Mo ti gba ilẹ̀kùn mi padà. Ẹlẹ́rìn-ín ní kí Dókítà fi irin àgbá rọ ọ̀tún tuntun fún òun. Ó burú lójú, ó rí bí ọpọ́n tí ọkọ̀ tẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ó ní kí wọ́n kọ OGUNDIRAN sára rẹ̀. Lẹ́tà náà tóbi ju tèmi lọ.

Mo bi í léèrè irú wèrè wo nìyí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orúkọ yín ń dùn yín ni?" Kò rẹ́rìn-ín pẹ́ lónìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Keje

Ọkọ̀ rẹ̀ kò jáde. Wúlẹ̀mọ̀tù ìyàwó rẹ̀ ní inú ni. Ọ̀lẹ ni mo pè é.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Keje

Nímọ́tà fi ọ̀rọ̀ gún mi títí mo fi lọ kí i. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Ó ní kí Wúlẹ̀mọ̀tù lọ wá omi.

Ó ti mọ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pé òun ò ní yè é. Dókítà tòótọ́ ti sọ fún un. Ó ní, "Tí mo bá ti lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n mi á dé láti Pobẹ̀. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀, títí kan ìkòkò. Bí wọ́n ṣe ṣe ìyàwó àbúrò wa nìyẹn, ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ nìkan ló bá jáde. Nígbà tí akọ̀wé yẹn pe orúkọ yín, ọkàn mi ní kí n dáhùn. Wọn ò lè jogún ọkọ̀ Ògúndìran. Tí wọ́n bá ti padà, ẹ fún Wúlẹ̀mọ̀tù. Ẹ má tíì sọ fún un. Tí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n, á sọ."

Mo ní èé ṣe tó fi jẹ́ èmi, nígbà tó mọ ojú tí mo fi ń wo òun.

Ó ní, "Ẹni tí ohun tiẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn, ṣé ó lè jẹ ohun ẹlòmíràn kó sùn?"

Mo ní òmùgọ̀ ni. Mo ní mi ò purọ́ rí láyé mi, ẹ̀tàn ilẹ̀kùn yẹn nìkan ti tó mi. Mo jáde.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Keje

Wọ́n sin Bàṣírù lánàá.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Keje

Wọ́n dé. Àwọn ẹ̀gbọ́n méjì, ọrùn kíki bí ti mààlúù. Ilẹ̀ ibojì kò tíì gbẹ. Èkejì ti dé fìlà òkú. Wọ́n ń gbé ìkòkò obìnrin náà sókè, wọ́n ń fi ìka lù ú láti mọ̀ bóyá ó ti sán. Mo ti rò pé Bàṣírù ni mo kórìíra jù lọ ní Lomé. Mi ò tíì rí nǹkan kan.

Èyí àgbà kọjá sí ẹnu ọ̀nà mi, Wúlẹ̀mọ̀tù ń tẹ̀ lé e. "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ọkọ̀ àbúrò wa tó wà níta yẹn, à ń gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé. Ìwé wo là ń fẹ́?"

Mo rìn lọ sídìí ọkọ̀ náà.

Mo ní, "Ọkọ̀ mi ni."

Ó wo ilẹ̀kùn. Mo kà á fún un. Mo ní àbúrò rẹ̀ ń bá mi wà á ni, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Mo na ọwọ́. Ó pẹ́ kó tó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò, ṣùgbọ́n ó fà á yọ.

Wúlẹ̀mọ̀tù wò mí. Ó ní, "Bàbá Ògúndìran. Olè." Kò pariwo. Àwọn aládùúgbò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ náà gbọ́, ó ń wo ẹnu mi láti mọ ohun tí mo máa fi dá a lóhùn.

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Ó dìgbà tí wọ́n bá lọ lọ́jọ́ Ajé kí n tó lè sọ fún Wúlẹ̀mọ̀tù.