Aago Tó Bá Awakọ̀ Lọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ ń lọ déédéé? Ibẹ̀ á máa tù ọ́ lára, o ò ní ríjà ẹnikẹ́ni. Ara èmi àti ìyá rẹ le, àfi ọwọ́ mi tó ti ń gbọ̀n tí mo bá mú nọ́ọ̀tì kékeré inú aago, ìyá rẹ náà kò sì rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. O ní ohun tí o ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ni pé kò sí ohun tó lè sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, àti pé bí èèyàn ń sá lọ pàdé rẹ̀ ni o, bó ń sá fún un ni o, eré kan náà ni yóò fi bá a. Ìyẹn yé mi yékéyéké, torí bí ohùn ìyá rẹ ṣe rí nìyẹn: bí mo wà ní pálọ̀, bí mo wà lẹ́yìnkùlé, kì í dín kù. O tún ní ẹni méjì lè máà fẹnu kò lórí ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì jàre. Ogójì ọdún rèé tí èmi àti ìyá rẹ ti ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ bínú, a ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yunifásítì là ń kọ́.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá ọ jà ni ibi tí o ti ní aago tó ń sáré kiri máa ń falẹ̀ ju èyí tó dúró lọ. Ṣé èmi tí mo ti ń tún aago ṣe kí wọ́n tó bí ọ ni o fẹ́ kọ́? Aago tó bá falẹ̀, ìdọ̀tí ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í fi ẹnu lásán jiyàn. Mo nu aago ọwọ́ méjì, mo yí wọn sí ìṣẹ́jú kan náà, mo so ọ̀kan kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo fi èkejì sọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọ̀ọ́kán wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Àsápajúdé. Nígbà tó dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀yìn! Ìyá rẹ ní bóyá awakọ̀ náà gbàgbé láti yí i ní àràárọ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé bàbá rẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni.

Ohun kan ló kù tó rú mi lójú: o ní ẹni tó ń sáré kì í tètè darúgbó, Àsápajúdé sì rèé, ogún ọdún lórí ọkọ̀, orí rẹ̀ funfun báláú. Mo bi í. Ó ní kí n má bínú, wákàtí tí òun fi ń dúró de èrò pọ̀ ju èyí tí òun fi ń sáré lọ. Mo ní ó parí.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tìrẹ wá yé mi. Ìyá rẹ ti ń sunkún pé ọdún mẹ́rin rèé tí o ti wálé kẹ́yìn, pé o ti gbàgbé wa. Mo ní rárá o, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Ìlú tó wà yẹn, eré ni wọ́n ń sá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọdún mẹ́rin tiwa lè má ju oṣù mẹ́rin lọ lójú tirẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọn tó jókòó sójú kan ló ń darúgbó, àwa la sì jókòó.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ojú irin èèyàn méjì ránṣẹ́, èyí tó ń sáré gan-an ni o, kí o fi owó ìpápánu lé e. Bí owó kò bá sí, ìwọ ni kó o wá, mi ò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan nípa ìmọ́lẹ̀. Iṣẹ́ rẹ kò ní bà jẹ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lọ́nà. Ọlọ́run á jẹ́ kí o bá àwa méjèèjì láàyè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Atún-aago-ṣe.