Ẹsẹ̀ Tó Wà Lábẹ́ Bàsíà

Sí Ẹsẹ̀ńlá ọmọ mi, ọmọ tí bàtà inú ṣọ́ọ̀bù kì í gbà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdánìkanwà, mo sì kí ọ kú àárò ilé, nítorí bó ṣe ń ṣe mí níbí, mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe ọ́ lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń wá ọ fún ibi kò ní bá ọ nílé, ẹni tó ń wá ọ fún ire kò ní ṣìnà. Ṣe àmín kó o tó ka ìlà tó kàn, mo mọ̀ ọ́, láti kékeré lo ti ń fo àdúrà.

Tó o bá ń béèrè wa, a ń bẹ láyé. Orúnkún mi ṣì ń ro mí, ṣùgbọ́n èmi àti òun ti mọwọ́ ara wa. Adìẹ funfun ti ń yé ẹyin sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Mi ò lé e, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí nǹkan ẹlẹ́mìí kan máa sùn nínú yàrá yẹn. Òrùlé ò jò mọ́ níbi tó o lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló wá ń jò báyìí, ó jọ pé omi náà kàn kó lọ sí yàrá kejì ni.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì ti kà á títí tó fi fẹ́ẹ̀ ya níbi tí mo ń ṣẹ́ ẹ sí. O ní o ti kúrò ní ilé Onísìmẹ́ǹtì, pé ọgbà ìjọba lo wà báyìí, pé rímáǹdì ni wọ́n fi ọ́ sí, kí n má dààmú, wọ́n ń fún yín lóúnjẹ. Ọmọ mi, mo dúpẹ́ títí orúnkún yìí fi kọ̀ láti dìde. Láti ìgbà tí bàbá rẹ wà láyé ni mo ti ń sọ pé ohun tí ọmọ yìí bá gbìn kì í kọ̀ láti hù, ọkọ̀ wíwà kọ́ ni iṣẹ́ ẹ̀, ọgbà ni. Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé kí ni rímáǹdì, kí wọ́n má baà sọ pé ìyá ọ̀gá ò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ipò ni, torí o ní wọ́n fi ọ́ sí i ni, o ò sọ pé o tọrọ ẹ̀.

O tún ní tí owó béèlì bá jáde, wàá wá sílé. Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ máa ta aṣọ àlòkù mọ́ iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kò burú, ọwọ́ kan kì í gbé igbá dé orí. Tó o bá fẹ́ ra béèlì náà, ti aṣọ ọmọdé ni kó o rà, òun ló ń yá.

Kí lẹ́tà rẹ tó dé, mo ń pe fóònù rẹ ní àràárọ̀, obìnrin kan ló sì ń gbé e. Ohùn ẹ̀ dùn, ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kéèyàn kí òun tán tó fi ń sọ pé ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo ti fẹ́ bi ọ́ pé ìgbà wo lo gbéyàwó tó ò sọ fún mi, àfi bí onígbàjámọ̀ ṣe ní òun náà ló ń gbé fóònù àbúrò òun. Ọmọ mi, ṣọ́ra fún obìnrin yẹn.

Bíríkìlà tó kángun sí wa lọ sí ìlú, mo bá fi àdá bàbá rẹ rán an sí ọ pẹ̀lú irúgbìn àgbàdo. Mo pọ́n àdá náà débi pé ó ń dán. Ó gbé e padà wá. Ó ní àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu géètì yín mú òun mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń bi òun pé ta ló fẹ́ fi àdá ṣe kí ni. Mo ní irú ọgbà wo ni wọn kì í fi àdá ro, àbí ẹ̀rọ lẹ ń lò ni? Kò lè wo ojú mi. Ó kàn ń sọ pé ògiri ọgbà náà ga ju igi lọ, wọ́n sì ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí i lórí. Mo ní a jẹ́ pé àwọn ewúrẹ́ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n fò.

Ọ̀rọ̀ ilé Onísìmẹ́ǹtì ni gbogbo ẹnu ń sọ níbí. O ò ní gbà á gbọ́. Ilé alájà mẹ́ta tó fi ń yàn fún wa, ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí i lára, wọ́n sì ti àgádágodo tó tó orí ọmọ mọ́ ọn. Àwọn tó ń jókòó síwájú ilé yẹn láti àárọ̀, tó ń bá a rẹ́rìn-ín kó tó pa àwàdà tán, wọ́n ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá báyìí. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ ṣubú, a ò rí ẹnìkan. Ohun tí mo gbọ́ nídìí ẹ̀rọ omi ni pé eérú ni wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń tà látọdún yìí wá. Akọ̀wé owó wọn ló rí i, ó ní òun máa sọ ọ́ síta, kò sì tíì sọ ọ́ tí wọ́n fi bá òkú ẹ̀ láàárín àwọn àpò nínú sítọ̀. Wọ́n ti gbé Àrẹ̀mọ Onísìmẹ́ǹtì lọ sí kóòtù pé òun ló pa á. Òun sì ní rárá o, awakọ̀ àwọn ni.

Awakọ̀ tí wọ́n gbà lẹ́yìn rẹ nìyẹn. Mo dúpẹ́ pé o ti kúrò níbẹ̀. Ìyá awakọ̀ yẹn ló ń ṣe mí láàánú. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò mọ ibi tó ń gbé, ṣùgbọ́n ní àràárọ̀ tí mo bá ti gbàdúrà fún ọ tán, mo máa ń fi tirẹ̀ kún un, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kó fojú sunkún ọmọ. Rédíò onígbàjámọ̀ ló ń sọ ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ dópin rí, torí bí mo bá ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán, á ti pa á, á ní ẹ káàsán mà, ẹ wá jókòó mà. Gbogbo àdúgbò ló ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ẹni tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ ń gba garawa lọ́wọ́ mi. Bó ṣe ń rí nìyẹn téèyàn bá ti ní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba.

Ilé Onísìmẹ́ǹtì ò tíì gbàgbé wa ṣá. Wọ́n rán lọ́yà wọn sí mi, ọkùnrin onígò ojú kan, bàtà ẹ̀ ń dún kókó. Ó bi mí bóyá o wá sílé ní ọjọ́ tí akọ̀wé owó kú. Mo rántí ohun tó o sọ lọ́jọ́ yẹn, pé Àrẹ̀mọ ló gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ, tó ní kó o lọ sinmi, kó o má jẹ́ kí bàbá òun gbọ́, torí náà kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní lọ́kàn mi pé wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí pé o sá níṣẹ́, kí iṣẹ́ ìjọba má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo bá di adití. Ó ní ọjọ́ wo, mo ní adìẹ ni. Ó ní ọmọ yín, mo ní ó yé mẹ́rin. Bó ṣe ń jáde lọ ló rí bàsíà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi bàtà gbé e sókè, ó dúró wo abẹ́ ẹ̀ títí. Kò mu omi tí mo bù fún un.

Ìwọ mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tó o rẹ́ sí àtẹ̀wọlé fún mi lọ́jọ́ yẹn, tó o fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láìmọ̀, tí mo ní kó o fi ìṣó kọ ọjọ́ àti oṣù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kó o má baà sọ pé ẹlòmíràn ló bà á jẹ́. Òjò ṣú, o fi bàsíà dé e. Òjò tó ń ṣú yẹn ló lé gbogbo èèyàn wọlé tí kò fi sẹ́ni tó rí ọ, òun náà ló sì gbé gbogbo sìmẹ́ǹtì yòókù lọ, ibi tí bàsíà dé nìkan ló kù. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ tó gun èkejì ẹ̀ lẹ́yìn bíi ti bàbá rẹ, ó hàn níbẹ̀ kedere. Ní àràárọ̀ ni mo ń ṣí i. Mo máa ń ki ẹsẹ̀ tèmi sínú ẹ̀, kì í kún ìdajì. Mo máa ń dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó máa ń dà bíi pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni.

Kò pẹ́ tí lọ́yà yẹn lọ ni ilé Onísìmẹ́ǹtì fi ọkọ̀ kó sìmẹ́ǹtì àti òṣìṣẹ́ wá, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, àwọn fẹ́ bá mi tún iwájú ilé ṣe. Mo ṣàdúrà fún wọn dáadáa. Mo fi ẹ̀yìnkùlé hàn wọ́n, mo fi balùwẹ̀ hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n rẹ́ gbogbo ẹ̀, ibi bàsíà nìkan ni kí wọ́n fò. Wọ́n ní ibi bàsíà nìkan ni wọ́n rán àwọn. Mo ní kò ṣeé ṣe, ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nawọ́ sí i, mo jókòó lé bàsíà náà, mi ò sì dìde títí wọ́n fi kó ẹrù wọn padà sínú ọkọ̀.

Ó ku nǹkan díẹ̀ tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Kẹrosíìnì ti tán, bátìrì tọ́ọ̀ṣì náà ti kú, orúnkún sì fẹ́ òróró ìpara. Tí wọ́n bá ti san owó oṣù rímáǹdì, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ.

Ibi tí mo dúró sí lánàá nìyẹn, mo fẹ́ fi àdúrà kádìí ẹ̀ nílẹ̀, ni bíríkìlà bá mú obìnrin kan wọlé. Ó ní lọ́yà rẹ lòun. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó béèrè ohun tí onígò ojú béèrè, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn adìẹ. Ó ní ìyá, tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, inú ọgbà yẹn lọmọ yín máa wà títí ayé ẹ̀. Mo ní àmín. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí kò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Bíríkìlà bú sẹ́kún. Àgbàlagbà ọkùnrin. Ìgbà náà ni obìnrin yẹn di ọwọ́ mi mú, ó sì sọ fún mi irú ọgbà tó jẹ́. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn ọgbà tó o kọ sí mi, ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ nítorí mi. Àdá ni mo fi ránṣẹ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Rímáǹdì tí mo pè ní ipò, àtìmọ́lé ni. Onígbàjámọ̀ mọ̀, àwọn ìdí ẹ̀rọ omi mọ̀, èmi nìkan ni mo ń yan kiri. Ìyá awakọ̀ tí mo ń gbàdúrà fún, èmi ni. Mo sunkún, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo sunkún títí adìẹ fi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá wò mí.

Lẹ́yìn náà mo nu ojú, mo sọ gbogbo ẹ̀, láti orí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dé orí òjò, mo sì ṣí bàsíà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ tì í. Ó ya fọ́tò, ó wọn ìka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ní òun fẹ́ ha díẹ̀ níbẹ̀, torí sìmẹ́ǹtì Onísìmẹ́ǹtì ni, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá eérú wà nínú ẹ̀, kí adájọ́ lè rí ohun tí akọ̀wé owó kú lé lórí. Èmi àti ẹ̀ dúnàándúrà. Mo ní kó ha ti ẹ̀gbẹ́, kó má fọwọ́ kan àtàǹpàkò. Ó fi èékánná họ ọ́, ó sì ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi búrẹ́dì gbígbẹ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí kóòtù. Lọ́yà ní onígò ojú máa bi mí bóyá ó dá mi lójú pé ẹsẹ̀ ọmọ mi ni, pé ṣebí adití ni mí. Jẹ́ kó bi mí. Èmi tí mo wẹ ẹsẹ̀ yẹn nígbà tí kò tíì tó ìka mi, tí mo yọ ẹ̀gún lára ẹ̀, tí mo tọrọ bàtà tó gbà á kiri. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tó o bá rí mi níbẹ̀, má sunkún, kí n lè ráyè sọ̀rọ̀. Jókòó síbi tí mo ti lè rí ọ. Àdúrà àràárọ̀ mi ṣì ń lọ, àmọ́ torí pé àyè ìyá awakọ̀ ti ṣófo, ìyá Àrẹ̀mọ ni mo fi síbẹ̀. Òun náà bímọ.

Owó kẹrosíìnì àti bátìrì tí mo tọrọ lókè, mi ò yọ ọ́ kúrò o, mo ṣì ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó o fi rán ẹnikẹ́ni, ìwọ fúnra rẹ ni kó o gbé e wá. Tí kò bá sí owó, máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo, òkùnkùn ò ní pa wá.

Ọlọ́run á yọ ọ́. Ilẹ̀kùn tó tì á ṣí, ẹnu tó purọ́ mọ́ ọ á jẹ́wọ́, ẹsẹ̀ tó jáde nílé yìí á padà wọ ilé yìí. Mo fi bàsíà dé e padà, mo sì gbé òkúta lé e. Lọ́jọ́ tó o bá dé, má fo àtẹ̀wọlé yẹn kọjá. Bọ́ bàtà rẹ, gbé ẹsẹ̀ lé ibi tó ti wà, kó o dúró síbẹ̀ kí n wò ọ́ dáadáa kó o tó wọlé.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyá awakọ̀.