Ìwé Onídùúró Tí Mo Kọ Ọ̀rọ̀ Sí Fún Ọ

Adúmáadán, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé oyún inú ò yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀? Ọlọ́run tó mú ọ dé oṣù kẹrin yìí ni yóò mú ọ dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Àwa ńlé náà wà. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ẹ̀yìn tó ń ro mí sì ti rọlẹ̀ díẹ̀, àfi oúnjẹ ni kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́ láti ọjọ́ tí o ti pè pé wọ́n ní kí o má wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Ọmọ mi, èmi ni mo ba iṣẹ́ yẹn jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o pè, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù gbọ́ ìtìjú mi, torí wọ́n ní ọ̀dọ̀ wọn ni ohùn wa ń gbà kọjá.

O rántí ìwé onídùúró ilé iṣẹ́ yín tí o fi rán onímọ́tò sí mi, tí o ní kí n kàn buwọ́ lu ojú ewé tó kẹ́yìn, kí n dá a padà kíá. Mo gbọ́ ohun tí o wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i, mo rí i pé àwọn èèyàn yẹn ti bi mí ní ìbéèrè tó ogún, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún mi láti dáhùn. Irú àgbàlagbà wo ni wọ́n máa pè mí, tí wọ́n bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ọmọ mi, tí mo dákẹ́, tí mo wá kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń bínú? Ni mo bá wá awò ojú mi, mo jókòó ti tábìlì.

Ojú ewé kẹta ni mo ti ṣìṣe. Wọ́n to àwọn nǹkan kan síbẹ̀, àpótí kékeré kan níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yìn ríro, ojú tí kò ríran dáadáa, wárápá, oyún. Wọ́n ní kí n fàmì sí èyí tó bá kàn ọ́. Mo kà á tán, orí mi wú. Mo ní ilé iṣẹ́ gidi ni ọmọ mi bọ́ sí yìí, ẹ wo gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ bá òṣìṣẹ́ tọ́jú. Ṣé o mọ̀ pé sọ́mìlì ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi darúgbó. Nígbà tí ayùn gé ìka mi méjì, tí mo sọ fún ọ̀gá wa pé ọwọ́ yìí ò lè ti igi mọ́, ó ní kí n lọ jókòó lẹ́nu géètì, kí n máa kọ iye pákó tó ń jáde, ibẹ̀ ni mo sì ti ń jẹun fún ọdún mọ́kànlá sí i. Ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ nìyẹn, pé èèyàn á sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá á sì wá nǹkan ṣe sí i. Mo bá fàmì sí gbogbo rẹ̀. Mo fàmì sí wárápá náà, pé bí o ò tiẹ̀ nílò rẹ̀ báyìí, kí orúkọ rẹ wà níbẹ̀ ná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyún, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá wa wá àga fún ọ tó bá di oṣù kẹfà, torí ìdúró lẹ fi ń lọ aṣọ níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo wá lẹ ẹnu àpò ìwé náà pinpin kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú wò ó lọ́nà, ìwọ náà ò sì rí i.

O ní nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ yẹ̀ ọ́ wò látòkè délẹ̀, kò bá ẹ̀jẹ̀ ríru, kò bá wárápá, ojú rẹ mọ́lẹ̀ kedere. Oyún nìkan ló bá, òun náà ni wọ́n sì torí rẹ̀ ní kí o máa lọ sílé. Ká ní irọ́ tí mo kọ ni wọ́n fi lé ọ, ǹ bá lọ bẹ̀ wọ́n pé èmi ni mo purọ́. Òótọ́ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi jẹ ọ́ níyà, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lórí òótọ́. Bóyá wọ́n fi ìwé náà hàn ọ́, bóyá wọn ò fi hàn ọ́, mi ò mọ̀. O kàn sọ pé, “Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú, mo máa rí òmíràn.” O ò tiẹ̀ kanra mọ́ mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ti kọ ìwé sí ọ̀gá yín, mo sì kọ òmíràn sí àwọn tó ń ṣòfin. Mo ní kí wọ́n fi í sófin pé aláboyún á máa rí àga jókòó, pé á lọ bímọ, owó oṣù rẹ̀ á ṣì máa wọlé, á sì padà bá iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí. Mo ní tí ilé iṣẹ́ bá sì ń bi èèyàn ní ìbéèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá ìrànlọ́wọ́ ni àbí pàkúté. Mo ya àpótí kékeré síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà ni wọ́n lára, kí wọ́n ṣáà fàmì sí i. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, wọn ò tíì dá a padà.

Ojú ń tì mí láti mẹ́nu ba owó. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n wá bá ọ̀gá yín sọ ọ́ lójúkojú. Ìyá rẹ ní kí o má dán an wò. Ó ní ẹnu mi àti ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ dé ibi iṣẹ́ rẹ mọ́, ó ti gbé bírò mi pamọ́, pẹ́ńsùlù káfíńtà ni mo yá fi kọ èyí.

Ọlọ́run á ṣí ilẹ̀kùn mìíràn fún ọ, ọwọ́ rẹ ò ní gbẹ, ayé ò ní sú ọ. Bí ọmọ inú rẹ bá dàgbà, tó gbọ́ pé torí òun ni wọ́n fi lé ìyá òun níbi iṣẹ́, bá mi sọ fún un pé bàbá àgbà ló kọ ọ́ síwèé, inú dídùn ló sì fi kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Nínú gbogbo àpótí yẹn, tirẹ̀ nìkan ni mo fàmì sí lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.